Ohùn Kò Lẹ́bi: Lórí Ọ̀rọ̀ Tí Kò Já Gaara Nínú Rédíò

Ìfáárà

Ẹjọ́ kan wà tí a ti dá ní àìmọye ìgbà láìjẹ́ kí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn lanu. Ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ rédíò, ìyẹn àwọn tí wọ́n gba ìwé àṣẹ láti máa fi ẹ̀rọ tiwọn bá ara wọn sọ̀rọ̀ láìṣe ti òwò, yóò jókòó ní Accra, yóò tẹ bọ́tìnnì máìkì rẹ̀, yóò sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Èkó tàbí ní Kútọnu yóò dá a lóhùn pé òun gbọ́ pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde. Kí ni ìdájọ́? Wọ́n á ní kí ó pariwo sí i. Bí ó bá pariwo tí kò yàtọ̀, wọ́n á ní ahọ́n rẹ̀ ló wúwo, kí ó gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bí Òyìnbó. Bí ó bá wá jẹ́ pé Yorùbá ló ń sọ, ìdájọ́ ìkẹyìn ti wà nílẹ̀ fún un: èdè olóhùn kì í gba inú rédíò kọjá, kí ó yáa máa sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kò sí èyí tó tọ̀nà nínú ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohùn tí kò jáde dáadáa jẹ́ àìsàn ẹ̀rọ. Ó ní okùnfà, a sì lè wá okùnfà náà rí ní ẹsẹẹsẹ. Èdè Yorùbá kì í sọ ohùn rẹ̀ nù nínú rédíò. Ibi tí ó ti ń sọ ọ́ nù ni inú àtúnṣe tí wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè àti olùkọ́ èdè ju bí ó ti kan àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ, nítorí pé èdè ni a fẹ̀sùn kàn, àwa ló sì yẹ kí a gbèjà rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ eré ni èyí. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí wọ́n tú omi ìdídò Akosombo àti Kpong sílẹ̀, omi bo Mepe àti àwọn ìletò mìíràn ní agbègbè Tongu, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Ghana, Nàìjíríà àti Benin lọ́jọ́ kan náà. Láti Accra sí Èkó kò ju nǹkan bíi kìlómítà 400 lọ. Ẹ̀rọ rédíò wáàtì 100, bátìrì kan àti wáyà tí a ta sáàárín igi méjì tó láti fi gbé ọ̀rọ̀ kọjá láìsí okùn abẹ́ òkun kankan. Lọ́jọ́ irú ìyẹn, ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lè jẹ́ ìyá arúgbó tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ṣé a ó sọ fún un pé èdè rẹ̀ kò gba inú rédíò kọjá?

Ẹ̀rọ ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Àìsàn méjì ni àwọn ènìyàn ń pè ní orúkọ kan. Èkíní ni pé ìgbì rédíò fúnra rẹ̀ kò lágbára nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ olùgbọ́. Èkejì ni pé ìgbì náà dé tagbáratagbára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó gbé dání kéré, tàbí kò já gaara. Ó pẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ rédíò ti mọ ìyàtọ̀ yìí. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n fi ń jíṣẹ́ fún ara wọn: ọ̀kan láti 1 dé 5 fún bí ọ̀rọ̀ ti yéni sí, èkejì láti 1 dé 9 fún agbára ìgbì. Ẹni tí a fún ní 5 àti 4, agbára ló kù fún un. Ẹni tí a fún ní 3 àti 9, agbára rẹ̀ pé. Ohùn rẹ̀ ni kò pé. Ẹni tó bá ní kí ẹni kejì yìí lọ ra ẹ̀rọ tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Agbára gan-an kò sì rí bí a ti ń rò ó. Lórí mítà tí a fi ń wọn ìgbì, ìlọ́po mẹ́rin agbára ni ó ń fa ìyàtọ̀ ìpele kan ṣoṣo. Bí ẹ̀rọ wáàtì 100 bá rẹ̀yìn di wáàtì 25, ìpele kan péré ni olùgbọ́ yóò rí pé ó dín. Ohùn tó ń dún bí ẹni pé inú kànga ló ti ń bọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáàtì mélòó kan tó sọnù. Nínú FM, àfikún wáàtì kì í gbé ohùn sókè rárá. Bí ohùn ti ń ti ìgbì náà síwá sẹ́yìn tó ni ó ń pinnu bí yóò ti ròkè tó. Ẹni tó bá ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ sí ààyè tóóró, nígbà tí olùgbọ́ rẹ̀ wà lórí ààyè gbígbòòrò, yóò máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹ̀rọ rẹ̀ tilẹ̀ ń gbóná. Ìwòsàn rẹ̀ kò ju kí a yí ètò kan padà lọ.

Báwo wá ni a ó ṣe wá okùnfà náà? Kí a kọ́kọ́ yọ áńtẹ́nà kúrò, kí a fi rẹ́sítọ̀ ńlá tí a ṣe fún àyẹ̀wò rọ́pò rẹ̀. Kí a tẹ ẹ̀rọ náà lórí ọ̀nà tí kò nílò ohùn, irú èyí tí a fi ń fi kóòdù Morse ránṣẹ́. Bí agbára rẹ̀ bá pé níbẹ̀, ara rẹ̀ le. Ìdí ọ̀rọ̀ wà láàárín ẹnu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti ibi tí ohùn ti ń wọnú ìgbì. Bí kò bá pé, kí a yẹ iná tó ń gbà wò. Lẹ́yìn náà, kí a padà sí ọ̀nà SSB tí a fi ń sọ̀rọ̀, kí a sì súfèé gbọọrọ sínú máìkì. Bí mítà bá fò sókè nígbà ìsúfèé, ṣùgbọ́n tí kò ju wáàtì 20 tàbí 30 lọ nígbà tí a ń sọ̀rọ̀, kò sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ìpíndọ́gba ni mítà lásán ń kà, ọ̀rọ̀ ẹnu sì kún fún àlàfo láàárín sílébù kan àti òmíràn. Ẹ̀rọ tí kò ṣàìsàn rárá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe nítorí èyí.

Bí ìsúfèé pàápàá kò bá gbé mítà náà, máìkì ni afurasí. Oríṣi máìkì kan wà tó nílò fóltì díẹ̀ láti inú ẹ̀rọ kí ó tó lè ṣiṣẹ́, òmíràn kò nílò rẹ̀. Ìbọ̀dí olójú mẹ́jọ tí Icom, Kenwood àti Yaesu ń lò jọra lójú, ṣùgbọ́n ètò inú rẹ̀ kò dọ́gba. Máìkì ti ọ̀kan lè wọ inú èkejì wẹ́kú kí ó má sì sọ ohunkóhun. Ihò kékeré tí ohùn ń gbà wọ inú máìkì lè di pẹ̀lú eruku ọyẹ́. Wáyà inú okùn rẹ̀ lè ti já lábẹ́ rọ́bà níbi tí a ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Yíyá máìkì ẹlòmíràn tó bá ẹ̀rọ náà mu fún ìṣẹ́jú márùn-ún yóò tán gbogbo iyèméjì yìí.

Ìdí kẹta ni iná. Ẹ̀rọ wáàtì 100 ń gba nǹkan bíi áńpìà 20 ní fóltì 13.8 nígbà tí ohùn bá ròkè. Bí wáyà tó ti inú bátìrì wá bá tín-ínrín tó bẹ́ẹ̀ tí ìdènà inú rẹ̀ fi jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù, fóltì 2 yóò sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà yóò máa gba 11.8, ohùn yóò sì máa fọ́ ní gbogbo ìgbà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bá tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀. Ẹni tó gbé Accra láàárín 2012 sí 2016, nígbà tí dumsor sọ gbogbo ilé di ilé oníbátìrì, yóò mọ irú wáyà tí a ń lò. Ìkẹrin ni áńtẹ́nà. Ní ìlú etí òkun, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ oríkèé okùn rẹ̀. Agbára tó yẹ kó jáde yóò máa padà wọlé, ẹ̀rọ yóò sì dín agbára rẹ̀ kù láti dáàbò bo ara rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí nìkan ni a lè wá fọwọ́ kan bọ́tìnnì tí ń gbé agbára máìkì sókè, èyí tí gbogbo ènìyàn ń sáré lọ yí lákọ̀ọ́kọ́. Níbí ni fónẹ́tíìkì ti ní ọ̀rọ̀ sọ. Fáwẹ́lì ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú agbára ohùn. Kọ́ńsónáǹtì ni a fi ń mọ ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Bí a bá yí bọ́tìnnì náà kọjá ààlà, fáwẹ́lì yóò kọlu òrùlé, ẹ̀rọ yóò fà á sẹ́yìn, kọ́ńsónáǹtì tó tẹ̀ lé e yóò sì bá a lọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ni yóò jèrè ìyókù. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá pariwo fi ń yéni dín ju ẹni tó sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ, tí ẹnu rẹ̀ jìnnà sí máìkì ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan èdè olóhùn

Àwọn tó ń fi ẹ̀sùn kan èdè wa ní ẹ̀rí kan, ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ inú gbé e kalẹ̀. Wọ́n ní ọ̀nà SSB kì í gbà ju ohun tó wà láàárín nǹkan bíi 300 Hz sí 2700 Hz lọ. Wọ́n ní tán-án-ná ọkùnrin ń gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 100 sí 150 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bíbẹ́ẹ̀ gbígbọ̀n náà ni a sì fi ń mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Bí rédíò bá gé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 300 kúrò, ohùn ti lọ nìyẹn. Ó dùn gbọ́ létí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé tán-án-ná kì í ṣe ìró kan ṣoṣo. Èyí tó bá gbọ̀n ní 100 ń ṣe 200, 300, 400, 500 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá gbọ̀n ní 150 ń ṣe 300, 450, 600. Bí rédíò bá gé ìsàlẹ̀ kúrò, àlàfo àárín àwọn tó kù kò yí padà: 100 fún ti àkọ́kọ́, 150 fún ti èkejì. Etí ènìyàn a máa ka àlàfo náà, a sì fi mọ ìró tí kò sí níbẹ̀. August Seebeck ti rí èyí ní Jámánì ní ọdún 1841, J. F. Schouten tún un ṣàlàyé ní Netherlands ní 1940. Bí olùgbọ́ tilẹ̀ ṣi ìkànnì gbé díẹ̀, tí gbogbo ìró náà sún sókè ní 50 Hz, ohùn yóò dún bí ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n àlàfo náà kò ní yẹ̀. Òkè yóò ṣì ga ju ìsàlẹ̀ lọ.

Kí a tilẹ̀ fi ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tẹlifóònù tí gbogbo wa bá dàgbà kì í gbà ju 300 sí 3400 Hz lọ. Láti ìgbà tí GSM ti dé Nàìjíríà ní 2001, ta ni ó pe ìyá rẹ̀ tí kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni ó ní òun ń wá tàbí ọkọ? Radio ZOY tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní Accra ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1935 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba náà fẹ́ kí ará ìlú gbọ́ òun, ó rí i kíákíá pé Gã, Twi, Fante àti Ewe ń gba inú rédíò kọjá. Olóhùn ni gbogbo wọn.

Bí a bá ní kí a ṣe ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kí ó máa bẹ̀rù. Àwọn ìró àfúnnupè ni ọ̀nà tóóró ń pa lára jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ agbára /s/ wà lókè 4000 Hz, níbi tí SSB kò dé. Àfúnnupè mẹ́rin péré ni Yorùbá ní: f, s, ṣ àti h. Mẹ́sàn-án ni Gẹ̀ẹ́sì ní, ó sì tún fi /s/ àti /z/ ṣe àmì ọ̀pọ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó sọ rí pé Gẹ̀ẹ́sì kò yẹ fún rédíò.

Ìlù tilẹ̀ ti jẹ́rìí gbe wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni iléeṣẹ́ rédíò Ghana fi ìlù atumpan pe àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Ti Nàìjíríà náà fi ìlù kéde orúkọ ara rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Ìbàdàn sì gbọ́ ìbéèrè Yorùbá nínú rẹ̀, nípa ẹni tí yóò joyè bí Olúbàdàn bá wàjà. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ohùn kọjá láìfarapa. Kọ́ńsónáǹtì ni kò sí níbẹ̀, òun ló fa àṣìgbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí pẹ̀lú máìkì tó ń ṣàìsàn. Ohùn ló le jù nínú ọ̀rọ̀ wa, òun ni wọ́n sì ń pè ní aláìlera.

Àtúnṣe tó ń ba nǹkan jẹ́

Nígbà tí ohùn kò bá já gaara, ìmọ̀ràn tí a ń gbà ni pé kí a pe ọ̀rọ̀ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Alfa, Bravo, Charlie. Èmi kò bá ètò yìí jà. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wà nínú rẹ̀: Jean-Paul Vinay ti Yunifásítì Montréal wà lára àwọn tó ṣe é fún àjọ ọkọ̀ òfuurufú àgbáyé, a sì ń lò ó bó ṣe wà lónìí láti ọdún 1956. Wọ́n fi f kọ Alfa nítorí àwọn tí kò mọ̀ pé ph lè jẹ́ f. Wọ́n fi t méjì parí Juliett kí àwọn Faransé má baà gbé t náà mì. Àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípáníìṣì ni wọ́n fi dán an wò. Fún orúkọ ìpè ẹ̀rọ, 9G ti Ghana àti 5N ti Nàìjíríà, kò sí ohun tó dára jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi pe Yorùbá. Oscar, Golf, Uniform, November. Kí ni a sọ? Ó lè jẹ́ ogun, ó lè jẹ́ ogún, ó lè jẹ́ Ògún, ó sì lè jẹ́ Ògùn, odò tó ń kún. Oscar, Kilo, Oscar: ọkọ̀ ni ó rì ni, àbí ọkọ ẹnìkan? Ọ̀rọ̀ tí ìgbì gbé dé láìsí àbùkù, àwa ni a bọ́ ohùn rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ní orúkọ àtúnṣe. Lẹ́yìn èyí ni a wá ń sọ pé èdè náà kò yéni lórí rédíò. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Àwọn kan tún ń sọ pé Yorùbá lórí rédíò dà bí àṣírí, pé òfin kò fẹ́ ẹ. Ohun tí Ìlànà Rédíò ti àjọ ITU kọ̀ fún àwọn olólùfẹ́ rédíò ti orílẹ̀-èdè méjì ni ọ̀rọ̀ tí a yí padà láti fi ìtumọ̀ rẹ̀ pamọ́. Èdè tí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń sọ lọ́jà kì í ṣe àṣírí.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa. Gbogbo olùkọ́ Yorùbá ló ń fi dò, re, mí kọ́ ọmọ ní ohùn. Ẹ jẹ́ kí a gbé e kúrò ní kíláàsì lọ sídìí máìkì. Lẹ́yìn tí a bá pe lẹ́tà tán, kí a pe ohùn: Oscar, Golf, Uniform, November, dò dò, odò náà nìyẹn. Re re, ogun dé. Re mí, ogún ènìyàn. Fún ẹ, ọ àti ṣ, kí a fi ọ̀rọ̀ náà "àmì" kún un: Oscar àmì, Kilo, Oscar àmì, re dò, ọkọ̀ ni. Ẹ wo bí sílébù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá iṣẹ́ náà mu: kò sí àfúnnupè kankan nínú wọn, fáwẹ́lì wọn jìnnà síra, ohùn wọn sì ń sọ ohun kan náà tí orúkọ wọn ń sọ. Bí ìdajì rẹ̀ bá tilẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà, ìdajì tó kù yóò jíṣẹ́.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò. "Hello, hello, one, two" tí a ń pè sínú máìkì kò dán ohunkóhun wò tó jẹ mọ́ èdè wa. Ọ̀rọ̀ tó fi ìró kan ṣoṣo yàtọ̀ síra ni ó yẹ kí a lò: sẹ́ àti fẹ́, sún àti fún, tú àti kú. Kí ẹni tó ń dán ẹ̀rọ wò sọ pé: "Mo fẹ́, n kò sẹ́, okùn tú, ẹnìkan kò kú." Bí olùgbọ́ bá tún un sọ láìṣì, ẹ̀rọ náà yá. Bí ó bá gbọ́ "kú" níbi tí a ti sọ "tú", ẹ má wulẹ̀ bú ahọ́n ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ yẹ máìkì wò.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Legon, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ rédíò ní Ghana àti Nàìjíríà, kí a kọ ètò àyẹ̀wò ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yorùbá, kí àwọn oní-Gã, oní-Twi àti oní-Ewe náà sì ṣe tiwọn. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà kò yẹ kó bà wá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ fóltì, áńpìà àti ìgbì láti òkè dé ibí, Yorùbá kò sì kọ̀ mí lẹ́nu.

Àgbálọgbábọ̀

Bí dókítà bá ń bú aláìsàn kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó ní kò mọṣẹ́. Ohun tí a ti ń ṣe sí ẹni tí ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa nínú rédíò nìyẹn: a bú ohùn rẹ̀, a bú ahọ́n rẹ̀, a bú èdè rẹ̀, a kò sì wo ihò máìkì tí eruku dí. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé èdè òun kéré jù fún ẹ̀rọ. Ẹ kọ́ ọ ní ìdí tí ohùn òkè fi ń kọjá níbi tí /s/ kò ti lè kọjá. Ẹ kọ́ ọ láti fi dò, re, mí pe orúkọ ìlú rẹ̀. Omi yóò tún kún lọ́jọ́ kan, okùn abẹ́ òkun yóò sì tún já. Lọ́jọ́ náà, kí ẹni tó bá ké ní Yorùbá rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ.